Àdúrà Tí Kò Ní Àmín

Téèpù ìránṣọ ló tú àṣírí mi. Mo dúró níwájú dígí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìnísà, mo ń wọn ọrùn ara mi nítorí bùbá kan tí mo fẹ́ rán, ni mo rí i pé ọrùn náà ti fi ìbú ìka kan ju ti ọdún tó kọjá lọ. Aránṣọ lè ṣi ìbàdí oníbàárà wọ̀n. Kì í ṣi ọrùn ara rẹ̀ wọ̀n. Mo fọwọ́ wá a. Kókó kan wà lábẹ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lápá òsì, méjì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀léra bí bọ́tìnnì lábẹ́ aṣọ.

Kí ni mo wá ṣe? Mo yí ọrùn bùbá náà padà. Mo rán an ní ọlọ́rùn gíga, mo fi kọ́là bo ohun tí Ọlọ́run fi hàn mí. Àwọn oníbàárà rí i, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀. Kí oṣù tó parí, mo ti rán ọlọ́rùn gíga mọ́kànlá fún àwọn obìnrin tí kò ní ohunkóhun tí wọ́n ń fi pa mọ́ lọ́rùn. Gbádébọ̀ ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wálé lópin oṣù, ó ní aṣọ náà yẹ mí, ó kàn jẹ́ pé mo ti rù. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ìyá mi ni wọn ò gbà. Àtọ́kẹ́ ni oríkì wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé ni gbogbo Òkukù ń pè wọ́n. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ẹ̀gbọ́n mi tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ lọ, orúkọ ìyá dúró. Wọ́n gbé gàrí wá fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n bá mi nídìí maṣínnì, òógùn ń ṣàn lójú mi.

"Morìnsọ́lá, kí lo fi ń bo ọrùn nínú ooru yìí, bí adìẹ tó gbé eegun mì tí kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i?"

"Àṣà tuntun ni, mà."

"Bọ́ àṣà náà kí n wò ó."

Mo tú bọ́tìnnì. Wọn ò pariwo. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Dìde. Ta ni dókítà tó wà nítòsí?"

Dókítà Oyèkọ́lá ní Ìkìrun ni a lọ bá. Àgbà ọkùnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó fìka tẹ ọrùn mi yíká, ó bi mí bóyá mo ń làágùn lóru, bóyá oúnjẹ ń wù mí jẹ, ó sì jókòó.

"Mi ò ní purọ́ fún yín," ló wí. "Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn tí oògùn ń wò. Ọwọ́ lásán ò lè sọ ọ́. Ẹ lọ ya sikáànù ọrùn yìí kí n mọ ohun tó wà nínú àwọn kókó náà, kí n mọ èyí tí màá ti abẹ́rẹ́ bọ̀. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ mọ́ o. Bí kò bá mọ́, ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọsibítù ńlá Òṣogbo máa tó gbà yín fún òmíràn, mi ò sì fẹ́ kí kókó yìí dúró tó bẹ́ẹ̀."

Jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn jókòó sáàárín wa nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Mo ní ọmọ méjì. Èyí àbúrò, Fìyìnfólúwa, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì láti Òkukù, mo wọ ọkọ̀ náà bá wọn ní Ìnísà, a forí lé Ìkìrun. Wọ́n ti gbé báàgì lé àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó síbẹ̀. Bí mo ṣe jókòó báyìí, wọ́n yọ ìgò òróró ólífì kékeré kan jáde, wọ́n dà á sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi pa mí láti etí dé èjìká níwájú gbogbo èrò ọkọ̀.

"Igi tí Bàbá wa ọ̀run kò gbìn sí ọ lọ́rùn!"

"Àmín."

"Yóò fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò!"

"Àmín!"

Dírẹ́bà náà ń ṣe àmín. Ìyá kan tó gbé adìẹ méjì sẹ́yìn ọkọ̀ ní, "Àṣẹ!" Alùfáà onífìlà funfun tó jókòó níwájú ní, "Àmíìn, yárábì." Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣe wá. Ní ilẹ̀ wa, a kì í bi àdúrà ní ìdí rẹ̀ kí a tó ṣe àmín sí i.

Ṣùgbọ́n àmín ilé tiwa tún yàtọ̀. Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ wa pé ìre tí òbí sú tí ọmọ kò ṣe àmín sí, ẹyẹ ló ń gbé e lọ. Bí àmín rẹ bá pẹ́, wọ́n á dúró dè é. Bí kò bá ròkè tó, wọ́n á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà tí àmín ń jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé mo la ẹnu, bí ojú ṣe ń ṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń ya sikáànù náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Olúwadárasími ni orúkọ rẹ̀. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó tutù, ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn bí oyin tó ń sùn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi.

"Ẹ kú ọ̀nà, mà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ká wò?"

"Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i. Ibi tó bá wà ni mo máa wà."

"Kò sí wàhálà, mà. Àga rèé."

Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká mi kí ọrùn lè yọ, ó yí ojú mi sápá ọ̀tún. Ó fa bébà yọ, ó fẹ́ nu ọrùn mi. Ìyá mi dìde dúró.

"Dá ọwọ́ dúró, ìwọ ọmọ yìí! Òróró àdúrà lo fẹ́ fi bébà nù dànù?"

Olúwadárasími wo bébà, ó wo ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní nù ún. Tèmi rèé nínú ike yìí, màá dà á lé e lórí. Tiyín á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, tèmi á máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀."

"Ẹnu rẹ dùn. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìkìrun níbí ni, mà."

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Òkukù ì bá ti tọrọ díẹ̀ nínú òróró náà fún orí tirẹ̀."

"Ẹ ṣì lè fún mi, mà, tí a bá parí."

Ohun tó dà sí mi lọ́rùn tutù, ó ń yọ̀ bí ilá. Ó gbé ohun kékeré kan bí ẹnu áyọ́ọ̀nù, tí wáyà so mọ́ ẹ̀rọ, ó fi ń rìn lọ́rùn mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójú ẹ̀rọ, mo rí nǹkan bí òjò tó ń rọ̀ lóru, dúdú àti eérú. Ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń lọ. Mo rò pé ó rí ẹ̀rù lójú àwa méjèèjì.

"Gbogbo èèyàn ló ní kókó lọ́rùn, mà. Èmi náà ní. Oníbodè ni wọ́n. Bí àrùn bá fẹ́ gba ọ̀nà ẹnu tàbí ọ̀fun wọ inú ara, àwọn ni wọ́n máa ń dá a dúró. Ẹ wo ọ̀kan tó dára lápá ọ̀tún níbí: ó rí bí ẹ̀wà, ó gùn díẹ̀, ìlà funfun wà láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé." Ó gbé ọwọ́ sápá òsì. Ó sún ojú mọ́ ẹ̀rọ.

Àwọn tapá òsì kò jọ ẹ̀wà. Wọ́n rí roboto bí ọmọ ayò, wọ́n pọ̀, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra bí àkàrà tí wọ́n dà sínú epo tí kò gbóná. Mi ò rí ìlà funfun kankan.

"Ó kù kí n wọn ìwọ̀n wọn," ló wí. "Ántí, ẹ má gbé itọ́ mì, ẹ má sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré."

Ìyá mi ti rí ojú rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kò dára. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ọba tó wọnú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọnú ọrùn ọmọ mi!"

"Àmín," ni mo wí.

Òjò ojú ẹ̀rọ fò sókè, ó fò sódò. "Ó ti sá lọ," ni Olúwadárasími wí. Ó tún un wá. "Ántí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ohun tó bá ti di roboto níbẹ̀, Jèhófà, tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ!"

"Àmín!"

"Ìwọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì lé díẹ̀, ìkejì ò tó méjì. Kókó kan náà ni," ni ọmọbìnrin náà ń sọ fún ara rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ n wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gan-an ni dókítà ń dúró dè. Bó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ọmọlúàbí, ìyẹn kì í já wa láyà. Bó bá ń fọ́ ògiri ẹ̀yìn wọlé káàkiri, a máa ronú gidi. Ẹ má mì, Ántí, ẹ má mì rárá." Ó tẹ nǹkan kan. Àpótí kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ pupa kín-ínkín-ín ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó ta sílẹ̀ ní Kalfárì, ta sí i!"

Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ dákẹ́. Mo di eyín. Àmín náà gba ihò imú jáde.

Gbogbo àpótí náà sì kún fọ́fọ́ fún pupa àti búlúù, bíi pé wọ́n la nǹkan kan lójú mi. Ìyá mi ké.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ti ya! Ẹ̀jẹ̀ ti ya lọ́rùn ọmọ mi! Kí lo fi gún un, ìwọ ọmọ yìí, kí lo fi gún un?"

"Mà! Mà, ẹ fara balẹ̀." Olúwadárasími ti gbé ọwọ́ kúrò lọ́rùn mi. "Mi ò gún nǹkan kan. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lẹ rí yẹn. Ẹ̀rọ yìí, ohunkóhun tó bá mì, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń pè é. Ẹ wò ó." Ó gbé e lé ọrùn ara rẹ̀, ó ní "Àmín," pupa àti búlúù sì bo àpótí náà. "Ṣé ẹ rí i? Àmín ló kùn ún. Ẹ̀yin ẹ gbàdúrà, Ántí ṣe àmín, ọrùn mì, ẹ̀rọ parọ́. Bí mo bá kọ ohun tí mo rí yìí ránṣẹ́ sí dókítà, mo ti fi irọ́ ránṣẹ́. Bí mi ò bá sì rí òótọ́ lónìí, Òṣogbo ni yóò kàn."

Wọ́n jókòó.

"Kí ni o fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ gbàdúrà sínú, mà. Ọlọ́run ń gbọ́ ti inú."

Nígbà tí ìyá mi tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn àdúrà ni.

"Ní ọdún tí Ìgbẹ́kẹ̀lé mi wà ní ọsibítù, ìba ń ṣe é, orí rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Mo ń gbàdúrà lé e lórí, ó ń ṣe àmín. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ó ṣì ń ṣe àmín. Nọ́ọ̀sì kan ní mo ń pariwo, kí n lọ gbàdúrà mi sínú lóde. Mo jáde. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń gbà á sínú bí o ṣe wí yìí. Ìgbà tí wọ́n pè mí wọlé, kò sí ẹni tí yóò ṣe àmín mọ́." Wọ́n fi ìpẹ̀kun ìborùn nu ojú. "Mi ò bá ọ jà, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ìba ló pa á, ìdákẹ́ mi kọ́. Ṣùgbọ́n má ní kí n dákẹ́ lórí èyí. Mi ò lè dákẹ́ lórí méjì."

Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ ọmọ wọn, wọn ò sọ ọ́ rí. Àṣé nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dúró de àmín mi láti kékeré. Wọ́n ń yẹ̀ mí wò ni. Wọ́n ń gbọ́ bóyá mo ṣì wà níbẹ̀.

Olúwadárasími gbé ike rẹ̀. Ó tún òróró inú rẹ̀ dà sí mi lọ́rùn, bóyá kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe. Mo fẹ́ sọ pé ká máa lọ sílé, kí Òṣogbo máa bọ̀, n kò lè fi ìyá mi sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ń gbé orí sókè.

"Dùbúlẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n fa àga súnmọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi mú. "Ó níbi tí a ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Tí o bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, tí mo bá ń kì ọ́, ṣé o máa ń fèsì?"

Mi ò fèsì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn ilẹ̀, ohùn òwúrọ̀ ilé wa, nígbà tí iná ààrò kò tíì dá:

"Àwẹ̀ró, ọmọ Adéyẹmí,
Ọmọ a-kọ-ebè-tán-kó-tún-kọ-tàlejò,
Ọmọ a-gbétí-odò-má-fomi-ṣahun.
Nílé tiyín, iṣu ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé lé àlejò lọ́wọ́
Kí wọ́n tó bi í ní ọ̀nà tó gbà wá.
Àwẹ̀ró tí mo bí nígbà tí àgbàdo ń yọ irùngbọ̀n,
Tí mo pọ̀n ká gbogbo ebè bàbá rẹ̀.
Adúmáadán, oòrùn rí ọ, oòrùn ń béèrè orúkọ rẹ.
Abẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀, o ní o ò ní í sùn láìrí i,
Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó da aṣọ bo igba èèyàn.
Òkè kì í mì fún ẹ̀fúùfù, ọmọ Adéyẹmí,
Àpáta kì í yẹ̀ fún òjò..."

Ẹni tí wọ́n bá ti kì láàárọ̀ rí ló mọ bó ṣe rí. Orí á wú. Ara á dúró. A kì í dá oríkì lóhùn. A máa ń jẹ́ kó wọni ni. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja, omijé ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú mi wọ etí, ṣùgbọ́n ọrùn mi kò mira. Àmín kankan kò wá. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún kí, kí, kí, tí ọmọbìnrin náà ń mú àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi kì mí dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi, wọ́n gba ilé ìyá wọn padà, wọ́n kì mí dé ibi tí mi ò mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ wá rí.

"Mo ti rí i," ni Olúwadárasími wí ní ìgbẹ̀yìn. Ohùn òun náà ti yàtọ̀. "Mà, mo ti rí ohun tí mo ń wá."

"Sọ ọ́."

"Èmi kì í sọ orúkọ àrùn, mà, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Àwọn kókó náà so pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan, kò dé àárín wọn rárá, àárín sì rọ̀, ó dà bíi pé ọyún wà níbẹ̀. Ibi tó rọ̀ yẹn ni kí wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ̀." Ó nu ọrùn mi díẹ̀, ó fi báírò sàmì síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ kí n tó gbé sísọ́ọ̀sì sí i.

Dókítà Oyèkọ́lá wo àwòrán náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó pẹ́. "Àwòrán yìí mọ́," ló wí. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ ojú àmì náà, ó fa nǹkan díẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, mi ò lè rán ìlà kan kó tọ́. Mo tú ọwọ́ aṣọ kan ṣoṣo palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ń wo Fìyìnfólúwa tó ń bá okùn bàtà jà, mo ń ronú ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Nígbà tí èsì dé, dókítà rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, n kì bá tí mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ ni.

"Ikọ́ ife ni."

"Ikọ́ ife? Mi ò wúkọ́ rí, sà!"

"Kì í ṣe àyà nìkan ló ń gbé. Ó máa ń jókòó sọ́rùn báyìí. Oṣù mẹ́fà lẹ máa fi lo oògùn rẹ̀, ẹ ò sì ní í fo ọjọ́ kan. A ó yẹ gbogbo ará ilé yín wò, ká lè mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ní in. Ṣùgbọ́n ó ń lọ, Ìyáàfin. Jẹjẹrẹ kọ́."

Ìyá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọ́fíìsì bí ọkùnrin. Dókítà sáré bọ́ sílẹ̀ láti gbé wọn dìde. Ó rò pé wọ́n dákú ni.

Wọ́n yẹ gbogbo wa wò. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in. Ní oṣù kejì tí mo ń lo oògùn, àwọn kókó náà ti ń yọ́, oúnjẹ ti ń wọlé. Ìyá mi ní ó tó àkókò láti dúpẹ́ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwọn ní Òkukù. Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé, olórí ẹgbẹ́ obìnrin, wá bá wa nílé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti to ètò náà.

"Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ o. Ẹ ní Ọlọ́run mú ọmọ yín lára dá. Ó tán."

"Ṣé orúkọ rẹ̀ burú ni?"

"Ikọ́ ife, mà! Ta ni yóò tún gbé aṣọ fún Morìnsọ́lá rán? Àwọn èèyàn á máa sá fún àga tó bá jókòó lé. Àrùn ilé ẹni, inú ilé la ti ń wò ó."

Ìyá mi kò jiyàn. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n sìn ín dé ọ̀nà. Èmi náà rò pé wọ́n ti gbà. Ká sòótọ́, mo ń retí pé kí wọ́n gbà.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n dúró níwájú ìjọ, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kọ orin, wọ́n jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Wọ́n ní kí n má dárúkọ rẹ̀. Mo rò ó lóru àná. Ohun tí a kò dárúkọ, báwo la ṣe fẹ́ dúpẹ́ pé ó ń lọ? Ikọ́ ife ni."

Lórí àga iwájú, ẹnìkan rọra sún kúrò.

"Ìyá Peace, jókòó síbi tó o wà, kò lé ọ. Ti ọrùn kì í fò mọ́ni. Dókítà ló wí, èmi kọ́. Àwa rò pé jẹjẹrẹ ni. A ti ń sunkún ikú sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní Ìkìrun fi ẹ̀rọ wo inú ọrùn rẹ̀, ó sì rí ibi tí òótọ́ wà. Ìka yín kì í lójú. Ọwọ́ mi yìí kò lójú. Mo fi kan ọrùn ọmọ mi, mi ò mọ ohun tí mo fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá ní kókó tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kó lọ bá ẹni tó lè rí i. Ẹ ṣeun."

Wọ́n jókòó. Olúṣọ́-àgùntàn fa orin, ohùn àwọn èèyàn pẹ́ kó tó bá a. Ìtìjú mú mi. Mo ń ka iye ẹni tí kò ní í gbé aṣọ wá mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé kò kí wa. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó gbójú sílẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ ti ṣẹ̀ wọ́n." A ti ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi táńkì omi, ni a rí Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé tó dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sí ẹlòmíràn pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí fún ìyá mi. "Ẹ gbé ọwọ́ yín wá."

Ó mú ọwọ́ wọn, ó tì í bọ abẹ́ apá bùbá rẹ̀, dé abíyá. Mo rí ojú ìyá mi bí ọwọ́ náà ṣe dé ibẹ̀. Wọn ò fà á yọ.

"Kókó yìí, láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́jọ." "Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Matthew ò mọ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ pa iná kí n tó bọ́ṣọ."

"Àìsàn là ń wò, ọmọ mi, a kì í wo ikú. Oṣù mẹ́jọ ti lọ, kí ọ̀sẹ̀ yìí má lọ pẹ̀lú rẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún un, mà. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kì í gbé yín lẹ́nu."

Ìyá mi fa ọwọ́ wọn jáde, wọ́n fi tún apá bùbá rẹ̀ ṣe, wọ́n nà án kó tẹ́jú. Níwájú ilé ìjọsìn, ọkọ rẹ̀ ń to àga lé ara wọn, ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Ẹnu rẹ ló máa ti jáde. Èmi á dúró tì ọ́."

Wọ́n gbá a lọ́wọ́ mú. Ó dúró díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, àwọn méjèèjì sì ń lọ bá a níbi tó ti ń to àga.